Dúdú Tí Ó Ní Pupa Nínú

Bàbá Kàfáyà, ẹ bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yíǹkì ní Ṣàgámù pé kí wọ́n fún mi ní oṣù méjì sí i kí n tó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fún mi. Oorun ọ̀sán àná ló fà á. Mo lá àlá kan. Kàfáyà, ìwọ náà jókòó kí o gbọ́, ṣùgbọ́n má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé iná lọ ní agogo méjìlá àná. A ti tẹ ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé dé ìdajì. Mo tẹ́ páálí sórí àwọn ìdì bébà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo sì sùn lé e. Ẹ̀rọ tí ọ̀gá mi, Alàgbà Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, fi sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú lọ́dún tó kọjá ni mò ń wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, èmi nìkan ni mò ń po yíǹkì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bàbá Ògúnmọ́dẹdé ń gé bébà. Wọn kì í sún mọ́ agolo yíǹkì, nítorí pé n kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn.

Nínú àlá náà, iná kò sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní:

"Mùtíátù, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo ní, "Ṣé omi ni àbí yíǹkì?"

"Yíǹkì dúdú ni. Omi tí o fún mi láàárọ̀ ṣì wà níkùn mi."

Mo ṣí agolo dúdú. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní bí abọ́ tí ajá lá. Agolo náà ní kí n má ṣe bínú, òun ti rán dúdú lọ sí Ṣàgámù kó lọ kọ́ṣẹ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sínú agolo títí ayé? Mo wá béèrè ọ̀nà Ṣàgámù lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Ó ní, "Inú mi ni kí o gbà."

Mo so ìborùn mi le dáadáa, torí rólà tó ń yí fa bébà wọlé kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ àti bébà. Mo dùbúlẹ̀ síbi tí a ń to bébà sí. Ẹ̀rọ fà mí wọlé. Rólà àkọ́kọ́ bi mí pé ṣé mo ti gbẹ, mo ní mo ti gbẹ. Rólà kejì tẹ̀ mí. Kò dùn mí rárá. Nígbà tí mo fi jáde lódìkejì, mo ti di pẹlẹbẹ, ìbéèrè kẹrin inú ìwé ìṣirò sì wà ní ikùn mi. Mo kà á. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Atẹ́gùn gbé mi. Ó gbé mi kọjá lórí àwọn òrùlé páànù àdúgbò Ìjẹ̀mọ̀, ó sì gbé mi dé ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè odò Ògùn. Ọ́fíìsì náà kò ní òpó. Akọ̀wé kan ló dúró létí odò tó di okùn rẹ̀ mú, bí ẹni tó fa àgbò dání.

Ó ní, "Ẹ tètè wọlé, màdáámù, ọwọ́ ti ń ro mí."

Mo wọlé. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta tó wọ kóòtù jókòó sídìí tábìlì. Alága wọn ní kí n jókòó, ṣùgbọ́n bébà kò lè jókòó. Mo fara ti ògiri. Ọ̀kan nínú wọn fi òkúta lé mi lẹ́sẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé mi lọ, mo sì dúpẹ́.

Alága ní, "Ọdún mélòó lẹ ti ń tẹ̀wé?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún."

"Kí wá lẹ fẹ́ ṣe lọ́dọ̀ wa?"

"Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe yíǹkì. Ó ti sú mi láti máa lo ohun tí n kò mọ orísun rẹ̀."

Ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà mi gan-an nìyẹn, Bàbá Kàfáyà. N kò purọ́ fún wọn, kódà lójú àlá.

Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí mi wá. Mo fà á yọ lábíyá, mo fi lé Alága lọ́wọ́. Bó ṣe ń kà á ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn. Nígbà tó ka orúkọ mi tán, irùngbọ̀n ti dé orí tábìlì, etí rẹ̀ ti rọ̀, ìwo méjì sì ti yọ lórí rẹ̀. Ó ní, "Ìwé yìí dára púpọ̀," ó bá jẹ ẹ́ létí. Àwọn méjì yòókù náà ti di ewúrẹ́ kí n tó yíjú sí wọn. Wọ́n fi ìwà pẹ̀lẹ́ pín in láàárín ara wọn. Mo dúró títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán.

Alága gùfẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, màdáámù. Nínú gbogbo èyí tí a ti jẹ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, kò sí èyí tó dùn tó tiyín."

Mo ní kò tọ́pẹ́.

"Àmọ́ ní báyìí, kò sí ohun tó fi hàn pé ẹ mọ iṣẹ́ mọ́. Ọwọ́ yín la ó dán wò."

Ilẹ̀ ọ́fíìsì là, a sì bá ara wa nínú ilé iṣẹ́ yíǹkì. Àwọn ìkòkò ńlá ń yí, ẹ̀tù dúdú tó ń fún yíǹkì ní àwọ̀ ń fò káàkiri bí eṣinṣin, gbogbo òṣìṣẹ́ ló fi aṣọ bo imú. Ẹnì kan kọ̀yìn sí mi nídìí òṣùwọ̀n. Mo mọ ọrùn náà. Alàgbà Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ ni, wọ́n wọ kakí wọn, wọ́n fi pẹ́ńsù sétí. Mo kúnlẹ̀. Bébà tètè ń ká, ìkúnlẹ̀ náà rọrùn fún mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."

"O pẹ́ kí o tó dé," wọ́n ní. "Po dúdú fún mi."

Mo bu ẹ̀tù, mo da epo gbígbóná sí i, mo fi oje igi kún un kó lè dì. Mo ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ rò ó. Ẹ̀tù ń sọ pé, "Díẹ̀díẹ̀, màmá, díẹ̀díẹ̀." Nígbà tó ṣe, mo fi ọ̀bẹ fa díẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí bébà funfun. Ọ̀gá mi fi èyí tó ṣẹ́ kù sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, wọ́n pa ìka pọ̀, wọ́n yà á, wọ́n tẹ́tí sí ìró rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"Ó lẹ̀ dáadáa," wọ́n ní. Wọ́n gbé bébà náà sójú ìmọ́lẹ̀. "Kí lo rí?"

"Dúdú ni, sà."

"Tún un wò."

Mo tún un wò. "Ó ní pupa díẹ̀ nínú."

"Kí là ń ṣe sí i?"

"À ń fi búlúù sí i, bí orí abẹ́rẹ́."

"Ta ló tún mọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù?"

Àwọn ewúrẹ́ dẹ́kun ẹnu jíjẹ.

"Èmi nìkan ni," mo ní.

"Ògúnmọ́dẹdé ńkọ́?"

"Bébà ni wọ́n ń gé, sà."

"Ta ló ní kí wọ́n má mọ̀ ju bébà lọ?"

Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Mo ní nígbà tí wọ́n kú, ẹ̀rù bà mí pé àwọn ọmọ wọn máa sọ pé obìnrin kò lè di ẹ̀rọ mú. Mo rò ó pé bí kò bá sí ẹlòmíràn tó mọ àwọ̀, wọn kò ní lè lé mi. Ọ̀gá mi mi orí. Wọn kò bá mi wí.

"Ọdún méje ni èmi náà fi fi í pa mọ́ fún ọ," wọ́n ní. "Ìgbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni mo tó kọ́ ọ."

N kò mọ ìyẹn rí. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò máa rọ̀.

Wọ́n tún ní, "Iṣẹ́ wà fún ọ níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìsí ẹni tó mọ dúdú níbẹ̀, dúdú tirẹ̀ kì í gbẹ."

Mo wo ọwọ́ mi. Yíǹkì ń kán láti ìka mi sílẹ̀, àwọn ewúrẹ́ sì ń lá a. Alága gbórí sókè, ó ní, "Màdáámù, ọjọ́ wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?" Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ìró ẹ̀rọ ló jáde.

Mo lajú. Iná ti dé. Bàbá Ògúnmọ́dẹdé ti tan ẹ̀rọ, wọ́n dúró lókè orí mi pẹ̀lú abala bébà kan lọ́wọ́.

"Ìyá Kàfáyà, ẹ dákun," wọ́n ní. "Ṣé ojú mi ni, àbí dúdú yìí ń pọ́n díẹ̀?"

Mo gbà á, mo wò ó. Ó ń pọ́n lóòótọ́.

"Ojú yín kọ́," mo ní. "Láti ìgbà wo lẹ ti ń rí irú ẹ̀?"

"Ó ti pẹ́. Ẹ ò bi mí rí ni."

Lọ́jọ́ mìíràn, màá ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kí wọ́n padà sídìí bébà wọn. Lánàá, mo ṣí agolo búlúù, mo na ọ̀bẹ sí wọn. Mo ní bí orí abẹ́rẹ́ ni, ìwọ̀n síbí kan ni wọ́n bù. Dúdú di aró. Ogójì abala bébà ló bàjẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo ní igba ni tèmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìgbà kẹta ni wọ́n tó bù ú níwọ̀n. Wọ́n fi í sáàárín ìka, wọ́n yà á, èmi náà gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Mo ní kí wọ́n fà á sórí bébà, kí wọ́n gbé e lọ sójú fèrèsé. Ìdí tí mo fi tọrọ oṣù méjì nìyẹn, Bàbá Kàfáyà, kí n lè kọ́ wọn dáadáa kí n tó lọ. Wọ́n gbé bébà náà sókè sójú oòrùn, wọ́n wò ó pẹ́. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo fi mọ̀ pé wọ́n ti rí i pé pupa náà ti lọ.