Ògbufọ̀ Sàdíátù

Gbogbo àdúgbò ló ti kí Sàdíátù kú àbọ̀ kí Títílayọ̀ tó yọjú. Ó ní ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé ni kò jẹ́ kí òun ráàyè, bẹ́ẹ̀ ìdánwò ti parí kí Sàdíátù tó kúrò nílé rárá. Ohun tó ń ta á lára kò fara sin. Òun ni tíṣà Faransé. Òun ni gbogbo Ẹdẹ ń pè ní Màdáàmù Faransé, kò sì tíì rìn kọjá Kútọnu rí. Sàdíátù tó ń ta abọ́ ike ní Ọjà Tìmì, tí kò gbọ́ ju "mẹ́sì" lọ nínú Faransé, ló lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Jámánì, tó ti ibẹ̀ wọ rélùwéè lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ Fọláṣadé ní Faransé. Fọláṣadé kan náà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan níléèwé.

Títílayọ̀ ti wá nǹkan tí yóò fi tu ara rẹ̀ nínú. Ó wo ìlú tí Fọláṣadé ń gbé lórí fóònù, ó rí i pé kò ju Awo ìtòsí Ẹdẹ lọ. Kì í ṣe Párís. Oko ni. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ títí pé oko ni Sàdíátù lọ, ọkọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun gbọ́ ìròyìn.

Nígbà tó wá lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àlejò kún pálọ̀. Sàdíátù ń ròyìn bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ṣe ń tì lọ́jọ́ Àìkú, tí èèyàn ò lè rí iyọ̀ rà. Ó gbé wàràkàṣì kan tí wọ́n fi bébà wé lé Títílayọ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ dà bíi ti irú tí wọ́n gbàgbé láti dé. Ó ní Màdáàmù nìkan ló máa mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Títílayọ̀ ní òun mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ ni fóònù Sàdíátù ti dún. Ìyá ọkọ Fọláṣadé ló yọjú lójú fóònù, funfun balau ni irun orí rẹ̀. Fọláṣadé ti lọ mú ọmọ níléèwé, ìyá kò sì lè dúró dè é kó tó kí àlejò rẹ̀. Faransé nìkan ló gbọ́. Sàdíátù bá gbé fóònù fún Títílayọ̀.

Títílayọ̀ gbọ́ ọ ketekete, ìyẹn gan-an ló dùn ún. Ìyá ní láti ìgbà tí Sàdíátù ti lọ ni ilé ti dákẹ́. Ó ní nígbà tó kúnlẹ̀ kí òun ní ibùdókọ̀, òun rò pé ó ṣubú ni. Nígbà tí Fọláṣadé sì ṣàlàyé, omi bọ́ lójú òun, torí kò sí ọmọ tí òun bí tó bọ̀wọ̀ fún òun báyẹn rí. Ó ní ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ ta òun lẹ́nu, òun sì ní kí wọ́n bù sí i.

Ẹnu Títílayọ̀ ni gbogbo pálọ̀ ń wò.

"Wọ́n kí ọ. Wọ́n ní ìkúnlẹ̀ yẹn kò bá àwọn lára mu, pé àwọn alágbe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ọbẹ̀ yẹn náà, wọ́n ní ata rẹ̀ pọ̀ jù."

Kafilat, ìyàwó àbúrò Sàdíátù, wúkọ́. Ojú Sàdíátù wálẹ̀, inú Títílayọ̀ sì tutù wẹ̀lẹ̀.

"Sọ fún wọn pé mo gbọ́," ni Sàdíátù wí. "Ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé wọn mọ́."

Títílayọ̀ sọ fún ìyá pé Sàdíátù dúpẹ́. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó wá béèrè ta ni èyí tó ń sọ Faransé tó dùn létí tó báyìí. Ó ní kí Sàdíátù padà wá nígbà ìkórè àjàrà, kó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí dání, kí àwọn lè máa rí ara wọn bá sọ̀rọ̀. Ó ní ilé fẹ̀, ọmọ òun yóò sì bójú tó ọ̀rọ̀ físà.

Títílayọ̀ yára yíjú sí Sàdíátù.

"Wọ́n ní kí o padà wá nígbà ìkórè. Wọ́n ní kí èmi náà bá ọ wá."

"Kí n wá ṣe kí ni? Kí n wá ṣagbe?"

"Sàdíá, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Bóyá ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìkúnlẹ̀ yẹn, ó jọ pé ó tilẹ̀ wù wọ́n."

"Ẹni tó pè mí ní alágbe?"

Títílayọ̀ tí kò ráàyè wá kí i kú àbọ̀ wá ń yin Sàdíátù. Ó ní ìrìn àjò rẹ̀ gbé Ẹdẹ ga. Ó ní ta ló mọ ọbẹ̀ ẹja sè tó Sàdíátù, kò sí. Ó ní Faransé jìn, ó ṣeé ṣe kí òun má gbọ́ apá kan dáadáa. Kafilat kàn ń wò ó.

Ìlẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn ìyá. Ohùn ọmọ dé, ti Fọláṣadé sì tẹ̀ lé e lédè Yorùbá: "Ṣé Sàdíá nìyẹn? Dúró dè mí, mo ń bọ̀."

Àtàǹpàkò Títílayọ̀ tẹ fóònù pa.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì," ló wí.

Sàdíátù gba fóònù rẹ̀. Kò pẹ́ tó tún dún, orúkọ Fọláṣadé ló hàn lójú rẹ̀. Títílayọ̀ ti dìde, ó ní òun gbé nǹkan kaná sílé.

"Jókòó, Títí," ni Sàdíátù wí, ó sì gbé ìpè náà. "Èyí ò ní fún ọ níṣẹ́ ògbufọ̀ ṣe."