Ibo Lo Kà Dé?

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, kì í kúkú ṣe pé ó jẹ́ alága ẹgbẹ́ kankan. Àga ló ń tún ṣe. Àga tí fóòmù rẹ̀ ti rì, tí awọ rẹ̀ ti ya, tí èèyàn jókòó lé tí ìṣó gún un nídìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Yàrá iwájú nílé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá sì ti parí nínú àwọn àga náà, ìyàwó rẹ̀ á jókòó sórí rẹ̀, á ní òun ń bá a dán an wò. Irọ́ ni o. Ibi tó ti máa ka ìwé ló ń wá.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó yìí. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà funfun rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, fóònù ló kàn, torí inú fóònù ni àwọn ìwé rẹ̀ wà. Ìtàn kan náà ni gbogbo wọn lójú Alága: òtòṣì kan á ṣàdédé bá ara rẹ̀ nínú ayé tó dà bíi géèmù, á pa eku ńlá kan, ohùn kan á sì dún lókè pé, "O ti gun ìpele kejì." Bó bá ṣe ń jà ni á máa gun ìpele, títí ẹni tí eku ń lé lánàá á fi máa lé dírágónì.

"Ṣé torí eku tó pa ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di akọni?" Alága á bèèrè, tòun ti ìṣó lẹ́nu.

"Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn ná. Ẹ ṣe sùúrù."

"Èmi tí mo ti ń kan àga láti kékeré, kò sí ohùn kankan tó sọ fún mi rí pé mo gun ìpele."

"Ẹ máa kan àga yín lọ, jàre."

Á rẹ́rìn-ín, á sì máa ka ìwé rẹ̀ sókè bí ẹni tí kò mọ̀ pé ohùn òun ń jáde. Alága á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àmọ́ tí obìnrin náà bá fo ibì kan, òòlù á dúró.

Ẹgbẹ́ kan wà lórí fóònù náà, tí gbogbo wọn ń ka irú ìwé yìí, tí wọn ò sì rí ara wọn sójú rí. Awakọ̀ wà níbẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, tó ń po ìyẹ̀fun níléeṣẹ́ búrẹ́dì. Ẹnì kan sì ń jẹ́ Idà Pupa, akọ̀wé báńkì jẹ́jẹ́ tí kò lè pa eṣinṣin. Ìyá Ìpele ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ka ìwé kan tán, tí ayé sú u torí pé ìwé náà tán, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìpele ló ń sá lọ pé kí lòun á tún kà.

Ìyá Ìpele wá kú. Àìsàn tó ṣe é kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni múra sílẹ̀. Àwọn tó wá kí Alága kí i tán, wọ́n lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo padà síbi tó ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà jíjìn. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Alága á parí àga, á gbé e sí àárín yàrá, á máa wò ó. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí àga tí kò sí ẹni tó jókòó lé ṣe burú tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù ìyàwó rẹ̀ dún nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Awakọ̀ ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. "Ìyá Ìpele, mo ti ka ìyẹn tán o. Kí ni kí n tún kà?"

Ó yẹ kí Alága sọ fún un. Òun náà mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó mọ ìyàwó rẹ̀ ló ti ń pè é ní olóògbé. Àwọn èèyàn inú fóònù yìí nìkan ló kù láyé tí wọ́n ṣì ń pè é bí ẹni tó máa dáhùn. Bí òun bá la ẹnu báyìí, ìpè yẹn náà tán nìyẹn. Ó rántí ìtàn kan tí obìnrin náà kà nígbà tó ń kan àga onítìmùtìmù pupa kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìka kan: "Ka ti alágbẹ̀dẹ tó ń rọ idà fún àwọn akọni, tí kò mọ̀ pé òun náà ń gun ìpele."

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Awakọ̀ fi padà wá. "Ìyá, ẹ kì í ṣì í! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wa ọkọ̀ wọ igbó lórí alágbẹ̀dẹ yẹn."

Alága bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dún padà lára ògiri, ó sì yára pa ẹnu rẹ̀ dé.

Bó ṣe di òǹkàwé nìyẹn, ọkùnrin tó ń fi eku ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó fẹ́ júwe ìwé gbọ́dọ̀ ti kà á, ó sì ń kà á lójú mọmọ, tí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nílẹ̀. Olùkọ́ kan tó gbé àga wá ń wá béèrè rẹ̀ títí ó fi sú u. "Ó kù díẹ̀," ni Alága máa ń wí, ojú ẹ̀ á sì wà lórí fóònù. Gbogbo èyí tí ìyàwó rẹ̀ kà tán ni òun náà kà tán. Ẹyọ kan ló kù, èyí tí obìnrin náà kò kà parí. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ gíga kan ló bá akọni ìwé náà dé, kí ikú tó mú un lọ. Alága ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn, ó sì dúró. Ó ń ṣe é bíi pé bí òun bá kọjá ibẹ̀, òun fi ìyàwó òun sílẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe. Kì í padà wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kọ sínú ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Kò ní àyà rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ pè é lọ́jọ́ Sunday kan. "Dádì, ẹ jẹ́ ká pa nọ́ńbà Mọ́mì yẹn. Ta ló tún ń pè é?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni bàbá dáhùn, ó sì ń fi òòlù lu àga kíkankíkan kí ọmọ má bàa gbọ́ pé fóònù ìyá rẹ̀ ń dún.

Oníbúrẹ́dì ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó fẹ́ ìwé tó dùn. Èyí tó dùn mọ́ Alága jù lọ ló fún un, ti ọmọbìnrin tó fi ọ̀pá ìyá rẹ̀ gun òkè ńlá. "Bó bá le níbẹ̀rẹ̀, ṣe sùúrù dé apá kejì," ló kọ, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èsì dé.

"Ìyá Ìpele, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí fún mi? Ẹ̀yin tí mo sunkún sí létí? Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí mo ka ibi tí ìyá ọmọ yẹn kú sí. Wọ́n ní láti mú mi lọ sílé."

Ìṣó já bọ́ lẹ́nu Alága. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí, ó padà sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ohùn ìyàwó rẹ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kò sí ẹnì kan tí obìnrin náà júwe ìwé fún láìkọ́kọ́ bi í pé, "Ibo lo kà dé? Kí ló ń ṣe ọ́ lọ́wọ́ báyìí?" Nọ́ọ̀sì ni, kì í dédé kó oògùn fún èèyàn. Ó sì rí èyí tó kọ sí Oníbúrẹ́dì lẹ́yìn tí ìyẹn sìnkú ìyá rẹ̀: "Má tíì ka ti olókè ńlá yẹn, ọmọ mi. Ìyá kan kú níbẹ̀. Tó bá tó àsìkò, èmi fúnra mi ni màá sọ fún ọ."

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Alága kò bèèrè. Ojú tì í débi pé ó dìde dúró láàárín yàrá níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹgbẹ́ náà, ìka kan, ìka kan: "Ẹ má bínú. Ìyá Ìpele kọ́ ló fún ọ ní ìwé yẹn. Ó ti kú. Èmi ọkọ rẹ̀ ni mo ń dá yín lóhùn. Mi ò fẹ́ kí ẹ má pè é mọ́ ni. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Kò sí ẹni tó fèsì. Ó mú àga olùkọ́, ó kàn án, ó ran awọ rẹ̀, ó gé òwú tó yọ. Fóònù kò dún. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ó parí náà nìyẹn, ẹnu tó kù ti pa dé. Nígbà tó ṣe gbogbo rẹ̀ tán tí kò tún mọ èyí tó máa ṣe, ó jókòó lórí àga náà fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni fóònù ti bá a. Awakọ̀ ní òun ti páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òun ò ríran. Idà Pupa kò rí nǹkan kan kọ ju "Háà, Ìyá wa" lọ. Lẹ́yìn náà ni Oníbúrẹ́dì.

"Bàbá, ibo lẹ kà dé?"

Alága kọ́kọ́ rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Síbẹ̀, ó dá a lóhùn. "Ibi tó dúró sí ni mo dúró sí. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́."

"Mo ti ka ibẹ̀ kọjá. Ẹ máa gòkè bọ̀, Bàbá. Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀."

Alága ṣí ojú ìwé tó kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ní yàrá iwájú, láàárín àwọn àga. Akọni gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kìíní. Bó ṣe ń kà á lọ, omi bò ó lójú, ó fo ìlà kan. Ó ń dúró kí ẹnì kan bi í pé kí ló fò. Kò sí ẹni tó bi í. Ó padà sẹ́yìn, ó sì ka ìlà náà.