Ọta Inú Àpótí Dígí

Ìyá Bọ́lá, má tíì gbé omi kaná. Jókòó, kí n sọ àlá yìí kó tó lọ tán lọ́kàn mi.

Mo wà níbi iṣẹ́, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, omi ọ̀sà ti dé orúnkún mi, kò sì yà mí lẹ́nu. Ṣé o rántí ọta àgbá tí ọkọ̀ ogun òyìnbó fi fọ́ ọkọ̀ àwọn bàbá wa, èyí tó wà nínú àpótí dígí? Ẹni tó kọ àkọlé rẹ̀ ló fi àmì lé e lórí, tí "ọta" fi di "ọ̀tá". Mo wo inú àpótí náà, mi ò rí irin kankan. Òyìnbó kan ló káwọ́ kásẹ̀ jọ síbẹ̀, omi ń kán nírun rẹ̀, ó fi imú lẹ dígí.

Èdè wa ló sọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ìyá mi sọ mí lórúkọ. Èyí tẹ́ ẹ kọ síbí yìí kọ́."

Bí mo ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́, bàbá tó bí bàbá bàbá mi jáde lára ògiri, níbi tá a gbé àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀ kọ́ sí. Ó ń fi fìlà gbọ́n omi.

Mo ní, "Bàbá, ṣé òun kọ́ ló pa yín?"

"Ó lè jẹ́ òun. Ìbọn tèmi náà kúkú bà á. Látọjọ́ yẹn la ti jọ wà nínú omi, mi ò béèrè orúkọ rẹ̀. Ìwọ lo wà láyé, bá mi bi í."

Mo fetí lẹ dígí. Ó sọ ọ́, Ìyá Bọ́lá, ó sọ ọ́ ketekete, mo sì ń pè é tẹ̀lé e kí n má baà gbàgbé. Ni o bá fọwọ́ kàn mí, o ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ dìde, ilẹ̀ ti mọ́." Orúkọ ọmọ wa nìkan ló kù lẹ́nu mi.