Ilé Tí Nọ́ọ̀sì Yàn fún Alábẹ̀wò

Inú aránṣọ kan, ìyá ọmọ ọwọ́, kọ́kọ́ dùn nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ilé rẹ̀ ni òun yàn. Ta ni wọ́n máa yàn láàárín ọ̀pọ̀ tí orí rẹ̀ kò ní wú? Ọ́fíìsì ìlera fẹ́ rán alábẹ̀wò jáde, kó wá fojú ara rẹ̀ wò bóyá àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń wọn ọmọ ọwọ́, tí wọ́n sì ń tẹ́tí sí ìyá ọmọ, ń ṣe iṣẹ́ gidi, àbí bàtà lásán ni wọ́n ń rìn gbó. Bí ohun tó bá rí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iṣẹ́ náà tán nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló máa mú un lọ sí ilé kan ṣoṣo, èyí tó bá wù ú.

"Ilé tó dára ju èyí lọ wà," ni nọ́ọ̀sì wí, ó ń fi òwú nu ojú ìwọ̀n rẹ̀. "Àga wọn rọ̀ ju tìẹ lọ. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ibẹ̀ á máa wo bọ́ọ̀lù, á ní ká sún kúrò lójú òun. Ìwọ ni mo fẹ́ fi yangàn."

"Ẹ ṣé, mà," ni aránṣọ wí. Ó ti ń ro kọ́tìnnì tó máa fọ̀.

Nọ́ọ̀sì yìí mọ iṣẹ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó lè gbọ́ ikọ́ ọmọ láti orí àtẹ̀gùn, kó sì sọ èyí tó máa lọ fúnra rẹ̀ àti èyí tó ń fẹ́ dókítà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ kò sí òkè ilé tó ga jù fún un. Ó máa ń po sítáàṣì sí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé bó bá bọ́ ọ sílẹ̀, aṣọ náà lè dìde kó dá lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Gbogbo Ọmọ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ta ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá wádìí rẹ̀ dé ìdí á rí i pé ẹnu nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde. Ó sọ pé, "Ìyá Gbogbo Ọmọ ni wọ́n ń pè mí o," ó sọ ọ́, ó tún un sọ, títí gbogbo èèyàn fi gbà pé lóòótọ́ làwọn ń pè é.

Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Bó bá ti wọlé, kó tó gbé ìwọ̀n kalẹ̀, á ní kí gbogbo ará ilé bọ́ síta. "Ẹ yọ̀ǹda wa díẹ̀. Ohùn ìyá ọmọ ni mo fẹ́ gbọ́." Ìyá ọkọ aránṣọ kò fẹ́ràn òfin yìí rárá. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, nítorí pé ọmọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kì í sábà sùn sílé. Á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀ lọ, á sì máa kùn.

"Mo tọ́ ọmọ márùn-ún yè. Ẹnikẹ́ni ò gbé wọn sórí ìwọ̀n bí ìrẹsì. Èmi náà ni wọ́n wá ń sọ fún pé kí n jáde."

Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, nọ́ọ̀sì á fa àga sún mọ́ aránṣọ, á ní, "Ó yá. Ohun tí a bá sọ nínú yàrá yìí, ibí ló máa sùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni aránṣọ gbà gbọ́. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré gan-an, ọ̀sán kan wà tí ìyá ọkọ ti rìnrìn àjò lọ kí àbúrò rẹ̀, tí ọkọ sì wà lójú títì. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó fún un lọ́mú, ó kọ̀ ọ́. Ó gbé e káàkiri yàrá, ó ń ké. Ó kọrin fún un, ó tún wá ké sí i, bíi pé orin náà ló bí i nínú. Oorun ọjọ́ pípẹ́ wà lójú aránṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ sì bà á. Ó tẹ́ ọmọ sínú ibùsùn rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì rìn dé ibùdókọ̀. Ó jókòó síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan dúró, ẹni tó ń wà á bi í pé ṣé ó ń lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ẹsẹ̀ kejì ló kọ̀. Nígbà tó fi máa sáré padà dé, ọmọ ti sùn lọ, òógùn bo orí rẹ̀.

Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún ìyá ọkọ. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún, tẹkúntẹkún, nọ́ọ̀sì ò sì ṣe háà.

"O gbé e síbi tí kò ti lè já bọ́," ni nọ́ọ̀sì wí, "o sì kúrò níwájú rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ má baà ṣe ohun tí ọkàn rẹ ò fẹ́. Ìdajì ohun tí à ń kọ́ àwọn ìyá nìyẹn. Ìdajì tó kù ni pé ẹnu ọ̀nà là ń dúró sí, kì í ṣe ibùdókọ̀."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Láti ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì ti ń yà wò ó lemọ́lemọ́, ó bá a wá ọ̀nà tó fi ń rí oorun sùn, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó yan ẹni tó fẹ́ràn jù láyé nígbà náà, ipò kejì ni ọkọ rẹ̀ ì bá wà.

Àfi ìgbà tí alábẹ̀wò dé. Obìnrin bí ọmọ ogójì ọdún ni, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀rín rírín níbi ìpàdé. Nọ́ọ̀sì, tó jù ú lọ dáadáa, ń pè é ní ọ̀gá mi ṣáá. Bó ṣe máa ń ṣe, ó yíjú sí ìyá ọkọ. "Màmá, ẹ yọ̀ǹda wa."

"Rárá o, ẹ jókòó, màmá," ni alábẹ̀wò wí. "Iṣẹ́ tó wà fún ẹbí ni. Ẹbí ni mo wá rí."

Láti òwúrọ̀ ni ìyá ọkọ ti wọ aṣọ òde kalẹ̀. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó jàre ní kóòtù. "Ẹ gbọ́ o," ló wí, kò sì wojú ẹnì kan. "Ẹbí ni mí."

Nọ́ọ̀sì gbé ìwọ̀n kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wọn ọmọ, ó fi téèpù wọn orí rẹ̀, ó ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ sókè bí olùkọ́ níwájú pátákó.

"Orí bàbá rẹ̀ ni," ni ìyá ọkọ wí. "Téèpù yẹn ò ní ká a bó bá yá."

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín, èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ó gbé awò rẹ̀ wọ̀. "Ọmọ ń dàgbà, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè wọn ọmọ, mà. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀gá mi máa bi mí ni pé, bí kò bá sí nọ́ọ̀sì nílé yìí, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Ìtàn ni wọ́n fẹ́. Ilé tí mo ti ń bọ̀ lánàá, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ ìtàn kan fún mi, omi bọ́ lójú mi."

Aránṣọ ń wo ojú nọ́ọ̀sì. Ó rí i bí orúkọ nọ́ọ̀sì àná, tí wọn ò tiẹ̀ dá, ṣe wọ obìnrin náà lára bí ẹ̀gún. Ó yára gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ sọ ti ìgbà tí ojú ọmọ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀yin lẹ ní ká gbé e lọ sí ọsibítù."

"Ìyẹn kéré," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Kò kéré lójú mi, mà."

"Ọmọ mi, sinmi. Mo mọ èyí tí wọ́n fẹ́." Nọ́ọ̀sì tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa. "Ọ̀gá mi, ìyá kan wà. Mi ò ní dárúkọ o. Òfin iṣẹ́ wa ni, a kì í dárúkọ."

"Ẹ má dárúkọ," ni alábẹ̀wò wí, ó ti gbé bírò sókè.

"Ìyá yìí ń dá wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ń rán aṣọ ilé ìwé ọmọ kan lọ́wọ́, máṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé báyìí."

Kò sẹ́ni tí kò wo máṣíìnì tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọ náà gan-an wò ó. Nọ́ọ̀sì ò rí wọn. Ìtàn ti gbé e lọ. Ó sọ ti ẹkún, ó sọ ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó sọ ti ilẹ̀kùn tí a pa dé, ti ibùdókọ̀, ti ẹsẹ̀ kan lórí bọ́ọ̀sì, ó sì fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ dáadáa, ìyẹn ló burú jù. Nígbà tó dé ibi tí ìyá náà ti sọ ohun gbogbo fún nọ́ọ̀sì rẹ̀ tó sì ti di ẹni ọ̀tun, ó na ọwọ́, ó gbé e lé orúnkún aránṣọ, ó sì rọra gbá a, bí ẹni tó ń gbá ọmọ tó gba ipò kìíní nílé ìwé.

Aránṣọ ń wo ọwọ́ náà lórí orúnkún rẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Níbo ni mo wà lọ́jọ́ náà?" ni ìyá ọkọ béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ojú àánú ni nọ́ọ̀sì fi wò ó. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, màmá. Ẹ ti lọ kí àbúrò yín."

Ìyá ọkọ dìde, ó gbé ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì gbé e mọ́ àyà.

Alábẹ̀wò kì í ṣe òmùgọ̀. Ó pa bírò rẹ̀ dé. "Mo fẹ́ bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan." Nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, ìyá ọkọ jáde pẹ̀lú ọmọ.

"Ṣé o fọwọ́ sí i kó sọ ọ́?" ni alábẹ̀wò béèrè. "Bí o kò bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Mo gbọ́dọ̀ gbé e dé ọ́fíìsì. Wọ́n á pè ọ́, wàá wá ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀."

Aránṣọ wo ilẹ̀kùn. Ó rò ó pé òun á jókòó síwájú èèyàn mẹ́fà tí òun ò mọ̀ rí, òun á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹkún ọmọ dé ẹsẹ̀ orí bọ́ọ̀sì. Ó ro obìnrin ìsàlẹ̀ tó bí ìbejì, tí kò ní ẹlòmíràn tó ń bá a wò wọ́n bí kò ṣe nọ́ọ̀sì yìí kan náà. Òótọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ náà, bó bá jáde, ara òun ló tún máa tú sí ìhòòhò, kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì.

"Ó béèrè lọ́wọ́ mi," ló wí. "Mo ní kó sọ ọ́."

Èjìká alábẹ̀wò wálẹ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìtàn tó lágbára ni. A máa fẹ́ lò ó. A ò ní dárúkọ, ṣé o mọ̀? A kàn máa sọ pé aránṣọ kan, tó ń gbé òkè kejì."

Nígbà tí wọ́n ń lọ, nọ́ọ̀sì dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, sítáàṣì aṣọ rẹ̀ ha á lọ́rùn. "Ṣé o rí bí mo ṣe gbé ọ ga?" ló sọ sí i létí.

Ìyá ọkọ wà lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ọmọ. Aránṣọ na ọwọ́ láti gbà á.

"Máa ránṣọ rẹ," ni ìyá ọkọ wí. "Ọwọ́ mi ló wà."

Kò bá a jà rárá. Ì bá sàn bó bá bá a jà. Láti ọjọ́ náà kò fi aránṣọ àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan nínú yàrá kan mọ́. Bó bá ń wẹ ọmọ, ìyá ọkọ á di tówẹ̀lì mú. Bó bá ń fún un lọ́mú, ìyá ọkọ á wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù wá sẹ́bàá ibẹ̀. Ọkọ pè láti ojú ọ̀nà. "Màmá ti sọ fún mi. Mi ò bínú. Ohun tí mò ń rò ni pé nọ́ọ̀sì mọ̀, èmi ò mọ̀." Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ pé òun ò bínú, lẹ́yìn náà ó ní ọkọ̀ ń fun fèrè lẹ́yìn òun, ó sì pa fóònù.

Àbọ̀ dé pé iṣẹ́ náà yóò máa lọ, wọ́n sì yin nọ́ọ̀sì níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tún wá, aṣọ tuntun ló wọ̀. Ìyá ọkọ kọ̀, kò jáde. Inú gbọ̀ngàn ló wà, ilẹ̀kùn ò pa dé tán. Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ aránṣọ.

"Ó yá, ọmọ mi. Báwo ni?"

Láti ìjẹta ni ọmọ ti ń hu eyín, tó ń ké láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, tí ọwọ́ aránṣọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó wo ojú obìnrin tó lè sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un ní gbólóhùn méjì.

"A dúpẹ́, mà. Kò sí nǹkan kan."

"O ń sùn?"

"Mò ń sùn dáadáa."

Inú lẹ̀jẹ̀ ń gbé, itọ́ funfun là ń tu. Nọ́ọ̀sì wò ó tìyìntìyìn, bí ẹni tó ń wo ògiri tí òun fúnra rẹ̀ kùn. "Bí gbogbo ilé bá rí báyìí, kí ni mo tún máa wá ṣe níbẹ̀?" Ó di ìwọ̀n rẹ̀, ó dìde. Aránṣọ dúpẹ́, ó sì sìn ín dé orí àtẹ̀gùn, bí a ṣe ń sin àlejò.