Àmì Kan ní Ojú Ewé Kẹtàdínlógún

Ẹnu Adétóun, tó ń ta obì ní Sábó, la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, torí ojú rẹ̀ ló ṣe.

Owólabí ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Màkún. Nígbà tí òun àti Dúrótìmí jọ wà nílé-ìwé n'Íkẹ́nnẹ́, Owólabí ló máa ń gba ipò kìíní, Dúrótìmí a tẹ̀ lé e. Bàbá Owólabí kú, ìwé rẹ̀ dúró síbẹ̀. Dúrótìmí lọ sí yunifásítì, ó di olùkọ́ níbẹ̀, ó wá ku díẹ̀ kó di pùròfẹ́sọ̀.

Ní 1983, iṣẹ́ ìwádìí tí yóò gbé e dé ipò náà ló kó wá fún Owólabí. Wọ́n ti fi taipuráítà tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ àwọn àmì ìṣirò sí àlàfo, ìkọ̀wé Owólabí sì rẹwà; òun ni yóò da àwọn àmì náà kọ láti inú ìwé tí Dúrótìmí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

"Kí tilẹ̀ ni gbogbo èyí?" Adétóun bi í.

Owólabí bó ọsàn, ó tẹ èèpo rẹ̀ mọ́ tábìlì. Èèpo ya. "Ohun tó bá rí róbótó kò ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí nǹkan ṣe tẹ̀ tó ni Dúrótìmí ń ṣírò."

"Èèpo ọsàn ni wọ́n fi ń di pùròfẹ́sọ̀? Èmi tí mo ti ń bó ọsàn láti kékeré ńkọ́!"

Owólabí kò rẹ́rìn-ín. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Lọ́jọ́rú, ó dé ojú ewé kẹtàdínlógún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Dúrótìmí ti ròpọ̀ níbi tó yẹ kó ti yọ kúrò. Gbogbo ohun tó gbé lé e lórí wó nìyẹn. Bí ìwé náà bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ipò ti bọ́. Owólabí mú kálàmù, ó kọ àṣìṣe náà dáadáa, bó ṣe bá a. Ta ni yóò bá a wí?

Lọ́jọ́ Sátidé, Dúrótìmí dé pẹ̀lú Yísà, dírẹ́bà rẹ̀.

"Tíṣà mi! Yísà, wá kí i. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi sáré tẹ̀ lé ọkùnrin yìí, n kò lé e bá."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Yísà wí.

Ogún ọdún ni Owólabí ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti là. "Ojú ewé kẹtàdínlógún. O ròpọ̀ níbi tó yẹ kó o yọ."

Dúrótìmí rẹ́rìn-ín, ó ṣí i. Ẹ̀rín náà kú. "Ìgbà wo lo rí i?"

"Lọ́jọ́rú."

"Lọ́jọ́rú! O sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Fi í sílẹ̀, ká jọ tún un ṣe."

"Rárá. Èmi ni mo fẹ́ di pùròfẹ́sọ̀, èmi náà ni yóò tún un ṣe."

Ó kó ìwé rẹ̀ mọ́yà. Owólabí tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Dúrótìmí wọ mọ́tò, kò wẹ̀yìn.