Gbòǹgbò Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé, ó sì gba oorun lójú mi. Wọ́n ní igi tó wà níwájú ilé wa, tàwọn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ hú sókè, tiwa ni. Ká tún un ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú níbẹ̀, ọrùn wa ló wà. Inú bí mi. Ṣebí ẹni tó lẹrú ló lẹrù? Wọ́n gbin igi tán, wọ́n wá pín in: ibòòji tiwọn, gbòǹgbò tèmi!

Télọ̀ ni mí. Yàrá iwájú ni mo ti ń ránṣọ, fèrèsé rẹ̀ sì dojú kọ gbòǹgbò náà gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, n kò rí aṣọ mọ́, ẹsẹ̀ èèyàn ni mò ń rí. Bí obìnrin tó wọ bàtà gogoro bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, mo ti pariwo: "Ẹ rọra o! Ẹ wolẹ̀ o!" Apá aṣọ méjì ni mo rán sódì nítorí ariwo pípa.

Ti bàbá mi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ojú wọn ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà. Káfíńtà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, Alágídí sì ni àdúgbò ń pè wọ́n, torí wọn kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fà wọ́n lọ́wọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń mú ọ̀pá wọn lọ gbọ́ ìròyìn lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkòríta, wọ́n á sì padà láago kan ọ̀sán.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún gbòǹgbò yẹn."

"Ìwọ ni kó o ṣọ́ra. Nínú èmi àti ẹ, ta ni ò ríran?"

Lọ́jọ́ kẹwàá, ara mi ò gbà á mọ́. Bí Bàbá ti jáde báyìí, mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Ó gé gbòǹgbò tó yọrí, ó da yanrìn sí i, ó to òkúta pẹlẹbẹ tuntun lé e, ilẹ̀ sì tẹ́jú bí orí tábìlì. Kò tíì tó aago méjìlá tó fi parí. Mo rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wọlé, mo kẹ̀yìn sí fèrèsé, mo ń ránṣọ, mo ń kọrin.

Aago kan lù, Bàbá ò dé. Nígbà tó di aago kan ààbọ̀, mo pe onígbàjámọ̀ lórí fóònù.

"Alágídí? Wọ́n ti kúrò níbí tipẹ́. Ilé ni wọ́n ní àwọn ń lọ."

Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹni tó bá sì kọjá ilé wa, títì márosẹ̀ tí tírélà ń gbà ló kàn. Mo sáré jáde tòun ti téèpù lọ́rùn.

Etí títì yẹn ni mo ti bá wọn. Wọ́n di òpó iná mú, ọ̀pá wọn ti bọ́ sílẹ̀, tírélà ń fọn fèrè lé wọn lórí. Bàbá mi ń gbọ̀n. N kò rí i kí wọ́n gbọ̀n bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí dókítà ní ojú wọn ò ní là mọ́.

"Ilé wa dà?" Wọ́n rọ̀ mọ́ ọwọ́ mi. "Mò ń fẹsẹ̀ wá gbòǹgbò, n ò rí i. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń yà wọlé."

Odidi ọdún mẹ́fà, n kò bi wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń mọ ẹnu ọ̀nà wa.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n tún un ṣe, Bàbá. Ẹ foríjì mí."

Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn jẹ́ kí n fà wọ́n lọ́wọ́ délé.

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò jáde. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní òtútù ń mú àwọn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn ganrin lóde. Mo ní kí n sìn wọ́n lọ. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹrù.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi irin hú òkúta kan sókè, mo ń ki yanrìn sábẹ́ rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń yẹ ọ̀nà wò ti bá mi.

"Màdáámù, ẹ̀yin lẹ tún ń bà á jẹ́? Bí èèyàn bá ṣubú ńkọ́?"

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. "Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀," mo ní.

Mo wọlé lọ pe Bàbá. Wọ́n dúró pẹ́ lẹ́nu géètì kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan òkúta náà, wọ́n tún un kàn, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn pákó.

"Kò tíì tó," ni wọ́n wí. "Fi ìka méjì kún un."

Ọkùnrin náà ṣì dúró, ó ń kọ̀wé. Mo bu yanrìn kún un.