Ikọ́ Méjì ní Ìkóríta

4.

…tó sì ní òun ò ní fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan lára ọkọ̀ náà títí òun á fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Mẹkáníìkì náà di ojú méjèèjì. Ó gbé orí igi gígùn kan lé ẹ́ńjìnnì, ó fi etí ti orí kejì. Akọ́bí dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ìyá tó gbé ọmọ wá sí ọsibítù.

"Ó ń wúkọ́," ni mẹkáníìkì wí.

"Ó ti ń wúkọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, Ọ̀gá."

(Ẹ má wá nọ́ńbà kejì àti ìkẹta, wọ́n ti sọnù. Ẹ má wá nọ́ńbà kìíní náà. Ó ń bọ̀. Ẹni tó ń to ìtàn yìí ṣì ń ṣa ojú ìwé jọ, ẹ bá a mú sùúrù.)


5.

ÌKÌLỌ̀
*àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú*

Ọkọ̀: eléèyàn méjì, pupa, òrùlé aṣọ.
Àbùkù:
(a) Páìpù èéfín ti lu.
(b) Asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí.
(d) Ariwo.
Ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gun títì títí a ó fi tún un ṣe.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ (d), ẹnì kan ti fi bírò kọ ọ́ pé: *Kì í ṣe ariwo.*

Akọ́bí ló kọ ọ́.


6.

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin kan ní ìyàwó kan, ó bí ọmọ méjì, ó wá lọ ra ọkọ̀ eléèyàn méjì. Ọkọ̀ ìsáré àtijọ́, tó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Àwọn ẹbí fi ṣe ẹ̀rín títí ó fi sú wọn. Bàbá ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, òun á máa gbé wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, bí ó bá ti dé ìkóríta, á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù kí ọkọ̀ lè rọra yí. Ọkọ̀ á sì wúkọ́.

Gbòó.

Gbòó.

Ìyá á gbọ́ ọ. Á dìde, á gbé omi tíì kaná. Kí Bàbá tó fi tapólì bo ọkọ̀ tán, kí ó tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, omi ti hó.

Oṣù mẹ́jọ rèé tí Bàbá ti kú. Ojú Ìyá ò ríran mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ Akọ́bí, wọn ò sì pariwo rẹ̀: "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìkóríta."

Akọ́bí ní ó di Sátidé.


7.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá tún ti gbé àga sẹ́nu fèrèsé
AKỌ́BÍ: Sọ fún wọn pé Sátidé ni
ÀBÚRÒ: Mo ti sọ. Wọ́n ní Sátidé wo
ÀBÚRÒ: Ẹ ò ṣe jẹ́ ká wá ohùn ọkọ̀ kan lórí fóònù ká tẹ̀ ẹ́ fún wọn
AKỌ́BÍ: Ojú ni wọn ò fi ríran. Ṣé etí náà ti di ni?
ÀBÚRÒ: Rárá o
ÀBÚRÒ: Mo rọra ṣí agolo ṣúgà lánàá, láti yàrá ni wọ́n ti ní ṣíbí kan ti tó


8.

*Ìwé kékeré tí epo ẹ́ńjìnnì ti rin, láti inú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọwọ́ Bàbá.*

OHUN TÍ MO FẸ́ ṢE FÚN ỌKỌ̀
— Sáléńsà tuntun fún páìpù èéfín. Irin tí kì í dípẹtà. Kí páìpù rẹ̀ fẹ̀.
— Asẹ́ afẹ́fẹ́ olówùú, èyí tó ṣeé fọ̀. Oníwèé ti sú mi.
— Lẹ́yìn náà, kí a tún kábúrétọ̀ yí.
— Ọ̀dà. Pupa yẹn náà ni, kì í ṣe pupa mìíràn.
— Gbé ìyá wọn lọ sétí òkun. Kí òrùlé ká sílẹ̀.

Akọ́bí jókòó sí àyè awakọ̀, ó kà á, ó sunkún. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò sí èyí tí Bàbá ṣe nínú rẹ̀. Owó iléèwé wa ni kò jẹ́, Akọ́bí rò. Bàtà àwa ni. Ó pinnu pé òun á ṣe é pé, láìku ẹyọ kan. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni, ká má tíì wá sọ iṣẹ́ bàbá ẹni.

Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e lẹ̀ mọ́ èyí pinpin. Epo ni. Kò ṣí i.


9.

*Lára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì mẹkáníìkì:*

SÙÚRÙ.

OHUN TÍ MO NÍ Ó GBÓNÁ, Ó GBÓNÁ.

OHUN TÍ MO BÁ TÚ, MO MÁA SO Ó KỌ́ PẸ̀LÚ ORÚKỌ ẸNI TÓ NI Í. MÁ BI MÍ PÉ Ó DÀ.

Nítorí àkọlé àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pe mẹkáníìkì náà ní Ọ̀gá Sùúrù. Òun fúnra rẹ̀ ò ní in rárá.


10.

Ọ̀GÁ SÙÚRÙ: Wò ó. Asẹ́ yìí ti dí. Ẹ́ńjìnnì ò rí afẹ́fẹ́ mí, epo wá pọ̀ jù fún un. Epo tí kò jó tán ń bọ́ sínú páìpù.
AKỌ́BÍ: Ẹ̀n-ẹ́n.
Ọ̀GÁ SÙÚRÙ: Páìpù náà ti lu níbi oríkèé yìí. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, epo yẹn á gbiná nínú páìpù.
AKỌ́BÍ: Ẹ̀ẹ̀mejì.
Ọ̀GÁ SÙÚRÙ: Ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹsẹ̀ bàbá rẹ ṣe máa ń kúrò níbẹ̀ nìyẹn.
AKỌ́BÍ: Tẹ́ ẹ bá wá pààrọ̀ méjèèjì?
Ọ̀GÁ SÙÚRÙ: Ikọ́ tán. Kí lo tún ń fẹ́?
AKỌ́BÍ: (ó ń wo páìpù náà)
Ọ̀GÁ SÙÚRÙ: Ọmọ mi, mo béèrè o. Ṣé kí n tú u?
AKỌ́BÍ: Láìtú u, wọn ò ní jẹ́ kó gun títì. Bàbá gan-an sì kọ ọ́ sílẹ̀.
Ọ̀GÁ SÙÚRÙ: Èyí tí ò kọ sílẹ̀ ńkọ́?
AKỌ́BÍ: Ẹ tú u, Ọ̀gá.


11.

Bí wọ́n ṣe ń yọ páìpù àtijọ́, ó fọ́ sí mẹ́rin.


12.

*Káàdì lórí ìṣó, ègé mẹ́rin tí a fi wáyà dì pọ̀:*

TI BÀBÁ. KÒ ṢEÉ JÓ PỌ̀ MỌ́. MO GBÌYÀNJÚ.


13.

Ó wuyì. Ká má parọ́ mọ́ ọn. Páìpù tuntun ń dán lábẹ́ ọkọ̀, asẹ́ olówùú jókòó sórí kábúrétọ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọ̀gá Sùúrù yí skúrù kábúrétọ̀ díẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó tún yí i, nítorí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ sí i ń fẹ́ epo tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó jáwọ́.

"Ó ń mí," ó ní.

Akọ́bí wà á yí àdúgbò po. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó nípọn, kò já lẹ́ẹ̀kan. Inú Akọ́bí dùn tó bẹ́ẹ̀ tó yíjú sí àyè ẹ̀gbẹ́ láti sọ fún Bàbá. Ní oríta kan nítòsí ṣẹ́ẹ̀dì, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó dúró kó gbọ́.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Àárò Bàbá wá sọ ọ́ lójijì. Ní oṣù mẹ́jọ, kò tíì sọ ọ́ báyìí rí.


1.

*Ojú ìwé tó lẹ̀ mọ́ra. Àárọ̀ Sátidé ni Akọ́bí fi bẹntiróòlù nù ún títí ó fi ṣí.*

Mo tún lọ wo sáléńsà náà lónìí. Ó wà lọ́wọ́ wọn, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo padà sílé láìrà á. Mi ò ní í pààrọ̀ rẹ̀ láé. Bí mo bá wọlé láìwúkọ́, báwo ni ìyá wọn ṣe máa mọ̀ pé èmi ni?


14.

ÀBÚRÒ: Ẹ ti débo? Wọ́n ti wọ aṣọ
AKỌ́BÍ: Mo wà lẹ́yìn ìkóríta
ÀBÚRÒ: Ẹ máa bọ̀ nígbà náà
AKỌ́BÍ: Mò ń bọ̀
ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó ogún ìṣẹ́jú


15.

Ó yí i. Ó kọjá níwájú fèrèsé. Ìyá gbé orí sókè, wọ́n tẹ́tí, wọ́n tún sọ orí kalẹ̀.

"Àlejò àwọn ará òdìkejì nìyẹn," wọ́n ní.


16.

*Àbúrò kọ ọ́ sínú fóònù bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.*

ÀBÚRÒ: Ìyá, òun nìyẹn.
ÌYÁ: Òun wo?
ÀBÚRÒ: Ọkọ̀ Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ sáléńsà àti asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bàbá ló kọ ọ́ síwèé pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.
ÌYÁ: Ó kọ ọ́ síwèé?
ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.
ÌYÁ: Kò sọ fún mi.
ÌYÁ: (wọ́n tún àga sún mọ́ fèrèsé)
ÌYÁ: Ní kó padà sẹ́yìn. Kó tún un yí, kí n lè mọ ohùn rẹ̀.


17.

*Ẹ̀ẹ̀kejì.*
ÀBÚRÒ: Wọ́n ní ẹ̀ ń sáré jù

*Ẹ̀ẹ̀kẹta.*
ÀBÚRÒ: Wọ́n ní ẹnu géètì káfíńtà tó ṣáájú ìkóríta ni Bàbá ti máa ń gbẹ́sẹ̀, kì í ṣe ìkóríta gan-an
AKỌ́BÍ: Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀
ÀBÚRÒ: Èmi náà ò mọ̀

*Ẹ̀ẹ̀kẹrin.*
ÀBÚRÒ: Wọ́n ti fi àga sílẹ̀. Wọ́n ń tọ ògiri lọ

*Ẹ̀ẹ̀karùn-ún.*
AKỌ́BÍ: Sọ fún wọn pé kí wọ́n dárí jì mí
ÀBÚRÒ: Wọ́n ní ẹ dákẹ́, àwọn ń gbọ́ nǹkan

*Ẹ̀ẹ̀kẹfà.*
ÀBÚRÒ: Wọ́n ti dé kíṣìnnì
ÀBÚRÒ: Ọwọ́ wọn wà lára ìkòkò omi
AKỌ́BÍ: Wọ́n gbé e kaná?
ÀBÚRÒ: Rárá
ÀBÚRÒ: Wọn ò tíì gbé e
ÀBÚRÒ: Wọ́n ní kí ẹ tún un yí